Igi Ẹ̀yìnkùlé

Èmi àti ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo ilé kan ní Epping, ní Sydney níbí. Ilé bíríkì tó dá dúró ni, ó ní àgbàlá níwájú àti lẹ́yìn. Ibùdókọ̀ ojú irin Metro, tó ti ń gbéni dé àárín ìlú láti 2024, ò jìnnà síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n igi eucalyptus ńlá kan wà lẹ́yìnkùlé! Èèpo rẹ̀ ń ṣí bọ́, abẹ́ rẹ̀ funfun, ó ń dán. Òórùn ewé rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Ìyàwó mi fọwọ́ kàn án, kò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ gé e láìgba àṣẹ káńsù (ìjọba ìbílẹ̀), kódà tá a bá ra ilé náà. Òfin yẹn dùn mọ́ mi gan-an.

Ẹ̀yin ará Ọsirélíà, ṣé irú igi bẹ́ẹ̀ wà nílé tiyín?