Ìṣirò Tó Wà Lábẹ́ Aṣọ

Bí mo bá sọ pé textile design, ẹ̀kọ́ nípa yíya ọnà sára aṣọ, ni mo kà ní Ifẹ̀, ohun tí àwọn ará ilé wa ní Ìbàdàn máa ń sọ ni pé, "Ẹ̀n-ẹ́n, télọ̀!" N kì í jiyàn mọ́. Àbúrò bàbá mi kan tiẹ̀ gbé ṣòkòtò méjì wá bá mi lọ́dún Iléyá pé kí n bá òun gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Mo bá wọn gé e. Ṣé kí n máa kó ìwé ẹ̀rí síta fún ẹni tó fẹ́ wọ ṣòkòtò lọ kírun ni?

Àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì ni mo ń kọ èyí fún, nítorí wọ́n ń bi mí, bákan náà ló sì máa ń rí: "Àǹtí, mo mọ àwòrán yà gan-an, ṣé kí n lọ ka textile?" Àwòrán yíyà dára. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló le níbẹ̀. Ìṣirò ló le, àti pé kí ojú má rí ìṣirò náà rárá lẹ́yìn tí aṣọ bá jáde.

Wọn ò ní sọ pé kí ẹ ya òdòdó kan. Òdòdó kan rọrùn, ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè yà á. Wọ́n á ní kí ẹ ya òdòdó tí ẹ̀rọ máa tẹ̀ sára aṣọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ ibi tí ti àkọ́kọ́ parí sí àti ibi tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Repeat là ń pè é, òun ló sì ń gba omijé lójú ọmọ. Àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń fi rólà oníhò wẹẹrẹ tẹ aṣọ, èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn, bí rólà rẹ̀ bá yí po lẹ́ẹ̀kan, sẹ̀ǹtímítà 64 ló ti tẹ̀. Nítorí náà, gígùn ọnà yín gbọ́dọ̀ jẹ́ 64, tàbí kó jẹ́ 32, tàbí 16, tàbí 8, iye tó lè pín 64 láì ṣẹ́kù. Ẹni tó bá fi odindi ọ̀sẹ̀ ya ẹyẹ ọ̀kín tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30, kò sí bó ṣe rẹwà tó, yóò tún un yà.

Ìyẹn nìkan kọ́. Bí ẹ bá to òdòdó yín ní tààrà, ọ̀kan lábẹ́ ìkejì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, gbogbo àlàfo á bọ́ sójú kan náà. Ẹ na aṣọ náà sára ògiri, kí ẹ sì rìn sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ ò ní rí òdòdó mọ́. Ilà òfìfo ni ẹ máa rí láti òkè délẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń wọ́ ọ̀wọ́ kejì wálẹ̀ dé ìdajì, kí òdòdó tirẹ̀ lè bọ́ sí àlàfo ọ̀wọ́ àkọ́kọ́. Ẹ wo ankárá tó wà nílé yín dáadáa, ẹ máa rí i níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wò ó tẹ́lẹ̀, torí ẹni tó yà á mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí IT tó, ìyẹn àsìkò tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ kọ́ṣẹ́ níta, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kọrí sí Èkó. Èmi padà wálé, mo lọ bá ìyá kan tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ lẹ́yìn Mápó. Agbàlá ibẹ̀ ń rùn aró tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà nínú kórópe fi máa ń mọ̀ pé èmi ló wọlé. Ẹ̀kọ wọn kì í ṣe ẹ̀kọ jíjẹ o: láfún ni wọ́n ń fi rò ó, wọ́n á sì fi álọ́ọ̀mù àti òkúta aláwọ̀ búlúù tí àwọn oníkẹ́míkà ń pè ní copper sulphate sí i. Ibi tí ẹ̀kọ bá bà, aró ò ní wọ ibẹ̀.

Mo ra rúlà tuntun àti pẹ́ńsùlù tó mú ṣáṣá lọ. Ìyá ò wo rúlà náà. Wọ́n ká aṣọ funfun sí méjì, wọ́n tún un ká, wọ́n tún un ká, wọ́n fi èékánná fa ojú ibi tó ti ṣẹ́ pọ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ padà, igun mẹ́rin-mẹ́rin ti jáde lára rẹ̀, gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Wọ́n ki ìyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀: òpó, ṣíbí, òpó, ṣíbí. Ìbàdàn dùn nìyẹn, àdìrẹ tó gbé òpó Gbọ̀ngàn Mápó sára. Ní 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà, gbogbo ìlú sì ń lọ wò ó. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé àwọn ìyá tó kọ́kọ́ gbé e sára aṣọ ò ya ilé. Òpó nìkan ni wọ́n mú níbẹ̀, wọ́n fi ṣíbí sáàárín wọn, wọ́n sì fi gbogbo yòókù sílẹ̀. Ẹni tó bá lè wo ilé ńlá bẹ́ẹ̀ kó mọ èyí tí òun máa fi sílẹ̀, onímọ̀ ọnà ni, ì báà má mọ̀wé.

Mo wá ń wo ọwọ́ wọn. Wọn kì í ya ṣíbí kan parí kí wọ́n tó bọ́ sórí òmíràn. Wọ́n á fa ìrù gbogbo ṣíbí tó wà ní ọ̀wọ́ kan tán, wọ́n á wá padà sí ìbẹ̀rẹ̀ láti fi orí sí wọn níkọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn fi ń rí bákan náà, torí ọwọ́ ò tíì gbàgbé ìrù tó fà kẹ́yìn kó tó fa èyí tó kàn. Mo bi wọ́n pé ta ló kọ́ yín báyìí, ẹ jọ̀ọ́ Mà.

"Ta ni ì bá kọ́ mi bí kò ṣe ìyá mi? Gbé ìyẹ́ kékeré yẹn fún mi, ẹ̀kọ ń gbẹ."

Ní ti aró, ibẹ̀ ni kẹ́míkà wọ̀ ọ́. Aró tó wà nínú ewé èlú kì í yọ́ nínú omi lásán. Ó nílò omi eérú, ó sì nílò kí ìkòkò kan fún ọjọ́ mélòó kan kí gbogbo atẹ́gùn inú rẹ̀ lè tán. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, aró á yọ́, á wọ inú òwú. Aṣọ tí ẹ bá kọ́kọ́ fà jáde nínú ìkòkò kì í dúdú. Àwọ̀ ewé tó ti ń pọ́n ló máa ń ní. Ojú yín báyìí ni atẹ́gùn á ti bà á, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, láti etí wọ àárín. Mo ti kọ ọ́ sínú ìdánwò pẹ̀lú gbogbo àmì kẹ́míkà rẹ̀, mo sì gbà máàkì, síbẹ̀ ẹnu mi ò lè pa dé lọ́jọ́ tí mo rí i. Kọ́sítíìkì sódà àti hydrosulphite ni ọ̀pọ̀ aláró ń lò lónìí, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, àmọ́ kò gba ọjọ́. N kì í bú ẹni tó ń lò wọ́n. Ẹni tó bá ń lò ó láì wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni mo máa ń bú.

Bí ẹ bá wá rò pé ilé-ìwé ò wúlò nígbà náà, ẹ dúró. Ní ọjọ́ kan, oníbàárà kan gbé aṣọ funfun wá pé kọ́tìnì ni, kí Ìyá bá òun re é. Ó mọ́ lójú, ó wúwo lọ́wọ́, owó tó fi rà á ò sì kéré. Mo fa òwú kan yọ létí rẹ̀, mo ṣáná sí i. Ojúlówó kọ́tìnì máa ń jó bíi bébà, eérú rẹ̀ á sì kúnná lọ́wọ́. Èyí yọ́, ó ká jọ, ó di kóró dúdú kan tó le gbandi. Pọliẹ́sítà pọ̀ nínú rẹ̀. Aró ò lè wọ̀ ọ́, ì báà sùn sínú ìkòkò, omi àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fi fọ̀ ọ́ ni yóò kó gbogbo rẹ̀ lọ. Inú obìnrin náà bàjẹ́, ó ní ẹni tó ta á fún òun búra. Láti ọjọ́ yẹn, aṣọ kankan ò wọ agbàlá náà kí Ìyá má sọ pé, "Pe oníṣáná yẹn wá."

Màmá mi ń ta ankárá ní Gbági, àwọn náà sì ní ìdánwò tiwọn. Wọ́n á yí ẹ̀yìn aṣọ padà ná, kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá mọ́lẹ̀ bíi ti ojú, wáàsì (wax) ni; bó bá ṣá, ojú kan ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ojú méjèèjì aṣọ wáàsì ni wọ́n máa ń fi nǹkan bò kí wọ́n tó re é, ọgbọ́n tí àwọn Dọ́ọ̀ṣì rí lọ́wọ́ àwọn oníbátíìkì, àwọn tó ń fi ìda ya ọnà sára aṣọ, ní Jáfà ní Indonéṣíà. Láti 1846 ni Vlisco, ilé-iṣẹ́ aṣọ àwọn Dọ́ọ̀ṣì, ti wà ní ìlú Helmond, títí dòní ni wọ́n sì ń tẹ aṣọ tí a fi ń ṣe ẹbí ránṣẹ́ sí wa. Ti àdìrẹ ẹlẹ́kọ tún yàtọ̀: ojú kan ni wọ́n ń ya ẹ̀kọ sí, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń dúdú kirikiri. Àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ti kún ọjà, bí ẹ bá yí i padà, ẹ̀yìn rẹ̀ á funfun bí ẹni tí àìsàn ń ṣe. Ẹ rà á bí owó yín ò bá ká ojúlówó, kò sóhun tó burú. Kí wọ́n má ṣá gba owó ojúlówó lọ́wọ́ yín.

Ti iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn tó ka ẹ̀kọ́ yìí nígbà àwọn ẹ̀gbọ́n wa ń rí ilé-iṣẹ́ aṣọ wọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé. Ti UNTL ní Kàdúná tó ti ilẹ̀kùn ní 2007 ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, ẹnìkan wà ní báǹkì, ẹnìkan ń ṣe kámpálà, ẹnìkan ń ra aṣọ òfì ní Ọjẹ́ ní ọjọ́ ọjà, tó ń tà á fún àwọn tó wà lókè òkun. Ẹ má wọ ẹ̀ka yìí nítorí iṣẹ́ oṣù.

Èmi ń ya Ìbàdàn dùn ti àsìkò yìí. Cocoa House ni gbogbo ènìyàn ń dá lábàá fún mi, mi ò sì fẹ́ ẹ. Ilé alájà 26 ò lè wọ inú igun mẹ́rin tó dọ́gba láì jẹ́ pé àlàfo ṣẹ́ kù lápá ọ̀tún àti òsì, àlàfo yẹn ló sì máa di ilà òfìfo tí mo wí. Micra ni mo mú. Kí la tún ń rí ní Ìbàdàn ju Micra lọ?

Ìṣòro rẹ̀ ni pé mọ́tò ní òkè, ó ní ìsàlẹ̀. Bí gbogbo wọn bá dúró lórí táyà wọn, aṣọ náà ti ní orí àti ìdí nìyẹn. Télọ̀ ò ní lè yí ọrùn tàbí apá sódì kó fi gé e mọ́ra, gígé á pọ̀ dànù, ọ̀pá mẹ́fà ò sì ní tó ẹni tó sanra díẹ̀. Mo bá yí ìdajì wọn sódì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ wa. Màmá mi rí i lórí tábìlì.

"Kí ló dé tí mọ́tò wọ̀nyí fi dojú dé? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ta lo fẹ́ kó ró èyí lọ sóde ìyàwó?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo fa ìwé náà ya, mo wá ń yà wọ́n báyìí bí ẹni tó wà lókè tó ń wo títì: òrùlé àti gíláàsì nìkan ló hàn, ọ̀nàkọ́nà tí télọ̀ bá gbé aṣọ gbà, kò sí èyí tó dojú dé nínú wọn. Màmá mi ní ó ti dáa díẹ̀. Wọ́n ní bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, kí n kó ọ̀pá 20 wá sí ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ di ìgbà tí wọ́n bá tà á.