Ohun tí abẹ kọ́ mi ní Kubwa

Kubwa ní Àbújá ni mo ń gbé, Garki ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà yẹn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yóò mọ ìdí tí mo fi ń fi eré ṣe gbogbo nǹkan kí n tó kúrò nílé. Eré yẹn náà ni mo gbé dé ìdí abẹ. Kì í ṣe abẹfẹ́lẹ́ inú páálí ni mò ń wí o. Abẹ gidi ni, èyí tí wọ́n ń ká sínú èèkù, tí èèyàn ń pọ́n fúnra rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi fá irùngbọ̀n, mo fi ìkánjú wọ́ ọ gba àgbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ sì ba ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo ti wọ̀ sílẹ̀ jẹ́. Ìyàwó mi kò sọ̀rọ̀. Ó kàn mú ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn wá ni.

Ní Sátidé, mo lọ bá bàbá onígbàjámọ̀ kan ládùúgbò wa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, Jos ni wọ́n bí wọn sí, Hausa sì yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ kọ́ mi bí n ó ṣe máa yára." Wọ́n wo ojú egbò àgbọ̀n mi títí. Wọ́n ní, "Sannu ba ta hana zuwa," ìyẹn ni pé jẹ́jẹ́ kò ní kí èèyàn má dé ibi tó ń lọ. "Mú abẹ rẹ wá ná."

Wọn kò jẹ́ kí n fá irun kankan lọ́jọ́ náà. Wọ́n fi awọ kọ́ ara ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí n máa fa abẹ lórí rẹ̀. Ẹ̀yìn abẹ ni yóò ṣáájú, ojú rẹ̀ yóò tẹ̀lé e. Bí mo bá dé ìpẹ̀kun awọ, ẹ̀yìn yẹn náà ni n ó fi yí i padà, kò gbọdọ̀ kúrò lára awọ. Níbi tí mo ti ń yára, mo fi ojú abẹ ya awọ wọn. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n tún bẹ̀rẹ̀. Ìlọ àti àbọ̀ 40 ni mo ṣe kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi kan irun apá wọn, irun sì já pẹ́lẹ́.

Mo wá rí i pé abẹ tí kò mú àti irun tí kò rọ̀ ló ń fa ìjáfara mi, torí wọ́n ń jẹ́ kí n wọ́ ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì olómi gbígbóná bo irùngbọ̀n fún bí ìṣẹ́jú 3 kí ẹ tó fi ọṣẹ pa á. Nígbà ọ̀yẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ni kí ẹ kọ́kọ́ pa lọ́ṣẹ, torí ọṣẹ ti ẹ̀gbẹ́ kejì yóò gbẹ kí ẹ tó dé ibẹ̀.

Ẹ na awọ ara dáadáa. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn abẹ jìnnà díẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, bíi 30 dígíríì, kí ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ rárá. Ibi tí irun bá dojú kọ ni kí ẹ gbà. Irun tiwa a máa ká. Bí ẹ bá fá a kanlẹ̀ jù, yóò ká padà wọnú ara, kókó yóò sì yọ. Ẹ fi ìka wá ibi tí irun dojú kọ ná: ti ọrùn mi, ẹ̀gbẹ́ ló ń sùn sí.

Oṣù kan gbáko, ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ni mo ń fi abẹ fá. Ọrùn tẹ̀lé e, àgbọ̀n àti abẹ́ imú ló kẹ́yìn. Alẹ́ Sátidé ni mo ń ṣe é, láìsí ọ̀nà Garki lọ́kàn. Ìṣẹ́jú 40 ló ń gbà mí nígbà náà. Lónìí, 15 ti tó, bẹ́ẹ̀ ni n kò mọ ọjọ́ tó yí padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yá ẹnikẹ́ni ní abẹ yín, ẹ má sì yá tẹlòmíràn. Ẹ̀jẹ̀ lè gbé àrùn ẹ̀dọ̀ àti HIV kiri. Ẹ nù ún gbẹ, kí ó má baà dípẹtà.

Mo ra awọ tuntun fún bàbá. Wọ́n gbà á, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n sì fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ èyí tí mo ya.