Ẹ Kọ́kọ́ Wo Àpò Ìtọ̀

Bí ẹni tí àìsàn rẹ̀ le kò bá tọ̀ mọ́ lóru ní Ẹ̀pẹ́, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ni pé ká gbé e lọ sí Ìkẹjà, kí wọ́n lọ fọ kíndìnrín rẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà yẹn jìn fún ẹni tó wà lórí ọ́síjìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹ̀rọ síkáànì (ultrasound, tó ń fi ìró ya àwòrán inú ara) wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ná. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kò sì gbọdọ̀ dá ìtọ́jú pọtáṣíọ̀mù tó ga nínú ẹ̀jẹ̀ dúró.

Orí ẹ̀rọ tó rí roboto, ti 2 sí 5 MHz, ni kí ẹ mú. Ìsàlẹ̀ ikùn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí róbà ìtọ̀ (kátítà tó ń fa ìtọ̀ jáde) bá ń ṣiṣẹ́, bálùùnù tó dì í mú nínú àpò nìkan lẹ ó rí nínú àpò tó ti ṣófo. Bí omi, tó máa ń dúdú lójú ẹ̀rọ, bá yí bálùùnù ká, àfàìmọ̀ kí róbà má ti dí tàbí kó ti ká: ẹ fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí àpò bá kún tí kò sí bálùùnù nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú ọ̀nà ìtọ̀ ni wọ́n ti fẹ́ bálùùnù náà. Ẹ wọn gígùn, ìbú àti jíjìn àpò ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ ara wọn, kí ẹ tún sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.52: 10, 9 àti 8 yóò fún yín ní nǹkan bíi 374 mL.

Kíndìnrín ọ̀tún rọrùn, torí ẹ̀dọ̀ wà níwájú rẹ̀. Ti òsì ló máa ń dààmú èèyàn: ó ga jù, ó sì wà lẹ́yìn, nítorí náà ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan mátírẹ́ẹ̀sì. Ti àgbàlagbà sábà máa ń gùn tó 9 sí 12 cm. Èyí tó kéré, tí ara rẹ̀ tín-ín-rín tó sì funfun, àìsàn ọjọ́ pípẹ́ ló ń fi hàn. Àmọ́ àtọ̀gbẹ àti HIV lè ti ba kíndìnrín jẹ́ tipẹ́ kó má sì sún kì. Bó bá sì jẹ́ pé àkóràn inú ẹ̀jẹ̀ ló fa àìtọ̀ náà, kíndìnrín lè dára lójú pátápátá.

Bí àárín kíndìnrín bá dúdú, tí dúdú náà so kọ́ra, ìtọ̀ ló ń dá padà. Ẹ tan àwọ̀ Doppler, tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn hàn, torí iṣan ẹ̀jẹ̀ náà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tú àpò ìtọ̀ tó kún, kí ẹ tún wò ó. Lára aláboyún, wíwú díẹ̀ lápá ọ̀tún wọ́pọ̀. Ẹni tí omi ara rẹ̀ gbẹ lè ní ìdíwọ́ lọ́nà ìtọ̀ kí kíndìnrín má wú, nítorí náà ẹ tún un wò lẹ́yìn tí omi bá ti wọlé.

Bí kíndìnrín méjèèjì bá wú tí àpò sì ṣófo, tí ibà tún wà níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ lórí fóònù kí ọkọ̀ tó gbéra: dókítà oníṣẹ́ abẹ ọ̀nà ìtọ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀, nítorí fífọ ẹ̀jẹ̀ nìkan kò ní tú ìtọ̀ tó há.