Bí a ṣe fi tọ́bò sí Land Cruiser oko mi, àti ìdí tí mo fi kọ́kọ́ ra géèjì ooru

Òkè tí a ń gùn wọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ló fi hàn mí pé ọkọ̀ mi nílò ìrànlọ́wọ́. Land Cruiser HZJ79 ni, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹrù, ẹ́ńjìnnì dísù 1HZ ló sì wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀: sílíńdà mẹ́fà, lítà 4.2, láìsí tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń kì afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i bọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì yìí, tí Toyota gbé jáde ní 1990, kì í tètè ṣàìsàn, ṣùgbọ́n kì í kánjú. Bí mo bá kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti oko, gíà kejì ni mo fi ń gun òkè náà láti ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orí rẹ̀, àwọn ọkọ̀ akérò á sì tò sẹ́yìn mi, wọn á máa fun fèrè bí ẹni pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é. Ní ọ̀nà oko fúnra rẹ̀, nígbà tí òjò bá ti sọ ilẹ̀ pupa di ẹrẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tún máa ń burú sí i.

Ní ọdún tó kọjá, àbúrò mi tó ń gbé ní Ọsirélíà, níbi tí àwọn ènìyàn ti máa ń so tọ́bò mọ́ ẹ́ńjìnnì yìí gan-an, bá mi ra gbogbo ohun èlò rẹ̀, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ nínú àpótí kan. Mo fẹ́ kọ bí a ṣe fi í sí i sílẹ̀, pàápàá jù lọ ibi tí a ti ṣe àṣìṣe.

Èéfín tí ẹ́ńjìnnì ń tú dànù ló ń yí abẹ̀bẹ̀ kan nínú tọ́bò; abẹ̀bẹ̀ kejì, tó wà lórí ọ̀pá kan náà, á máa fa afẹ́fẹ́, á sì máa kì í bọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní kí fọ́kánáísà fún òun ní 35 rí ti mọ ohun tí a ń pè ní psi, ìyẹn ìwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tì tó. Afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń kì bọ inú ẹ́ńjìnnì mi kò ju 8 psi lọ. Ó lè dà bí ẹni pé 8 kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó yí wa ká fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 14.7 lọ, nítorí náà ohun tí a fi kún un ti ju ìdajì rẹ̀ lọ.

Kì í ṣe ojo ló mú mi dúró lórí 8. 1HZ máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ gan-an nínú sílíńdà, ó lé ní ìlọ́po 22, kí dísù tó gbiná. Nígbà tí Toyota fúnra wọn ṣe èyí tó ní tọ́bò láti ilé iṣẹ́ wá, ìyẹn 1HD-T, wọ́n dín ìfúnpọ̀ náà kù sí 18.6, wọ́n sì yí ọ̀nà tí dísù ń gbà wọ inú sílíńdà padà. Èmi kò ní ìkankan nínú méjèèjì. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé ẹ́ńjìnnì yìí lè gba 15 láìsí wàhálà, ẹ bi í bóyá òun ni yóò ra òmíràn fún yín.

Ooru ni ọ̀tá, kì í ṣe agbára. Ibí yìí ni mo ti bá ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa jiyàn, nítorí pé orí bẹntiróòlù ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Bí epo bá dín kù jù nínú ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tó ń ṣiṣẹ́ líle, ó lè gbóná jù. Ṣùgbọ́n ti dísù kò rí bẹ́ẹ̀. Bí dísù bá ṣe ń pọ̀ sí i sí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó wà ńlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ooru èéfín ń ga sí i, títí èéfín yóò fi dúdú tí orí písítìnì, ìyẹn irin tó ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe písítìnì, alumíníọ̀mù gidi sì máa ń yọ́ ní ìwọ̀n 660 ℃. Lóòótọ́, omi àti ọ́ìlì ń tu písítìnì lára, kò sì gbóná tó èéfín tó ń gba orí rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí a máa fi í ṣeré. Ìdí nìyí tí mo fi ra géèjì tó ń ka ooru èéfín kí n tó ra tọ́bò rárá. Inú mánífóòlù, ìyẹn irin tó ń kó èéfín jọ láti inú àwọn sílíńdà, ṣáájú tọ́bò, ni ẹnu géèjì náà gbọ́dọ̀ wà. Kí a tó so mánífóòlù mọ́ ẹ́ńjìnnì ni a ti lu ihò náà, nítorí pé ẹ̀rún irin kan ṣoṣo tó bá kó sínú abẹ̀bẹ̀ tó lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan ti tó láti bà á jẹ́.

Iṣẹ́ bóòtù àti nọ́ọ̀tì kò gba ju ọjọ́ kan lọ. Ọ́ìlì ló dá wa dúró. Ọ́ìlì tó ń wọ inú tọ́bò ń wá pẹ̀lú agbára láti ara ẹ́ńjìnnì, a sì fa tiwa láti ibi tí súìṣì iná ọ́ìlì wà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gba inú tọ́bò kọjá, kò ní agbára kankan mọ́. Ó kàn ń ṣàn padà sínú páànù ọ́ìlì ni, bí omi òjò ṣe ń ti orí òrùlé sọ̀ kalẹ̀. Wẹ́dà tí a kọ́kọ́ lò jó ẹnu páìpù náà mọ́ ibi tó rọrùn fún un lára páànù, ibẹ̀ sì rẹlẹ̀ ju ojú ọ́ìlì lọ. Hóòsì tí a so mọ́ ọn sì tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ, ó lọ sísàlẹ̀, ó tún yọrí sókè díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, èéfín funfun tó ní àwọ̀ búlúù bo gbogbo àgbàlá. Mẹkáníìkì náà wò ó, ó ní wọ́n ta tọ́bò tó ti bàjẹ́ fún wa.

Tọ́bò kò bàjẹ́. Òrùka irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń dí ọ́ìlì nínú rẹ̀, kì í ṣe rọ́bà, òrùka bẹ́ẹ̀ kò sì lè dá ọ́ìlì tó bá kún dúró. A tún páànù yọ, a jó ẹnu páìpù mìíràn mọ́ òkè ojú ọ́ìlì, a fi hóòsì tó fẹ̀ tó sì lọ tààrà sí i, a sì fọ páànù mọ́ tónítóní kí a tó dá a padà. Èéfín náà ṣì ń jáde fún nǹkan bí ogójì kìlómítà, nítorí ọ́ìlì tó ti kó sínú sàlẹ́ńsà, lẹ́yìn náà ó dáwọ́ dúró. Ohun kan tí mo tún kọ̀ jálẹ̀ ni gọ́ọ̀mù tí àwọn ènìyàn wa máa ń fi sí ibi gbogbo. Níbi tí ọ́ìlì ń gbà wọ tọ́bò, gáskẹ́ẹ̀tì nìkan ni kí ẹ lò, nítorí pé gọ́ọ̀mù tó bá já bọ́ sínú ihò tóóró yẹn ti dí ọ̀nà ọ́ìlì nìyẹn.

Kí a tó ṣíná, a da ọ́ìlì sínú tọ́bò láti òkè, a fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, a sì yọ wáyà tó ń ṣí dísù lára pọ́ǹpù, kí ẹ́ńjìnnì lè máa yí láì gbiná títí iná ọ́ìlì fi kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìgbà náà la tó dá wáyà náà padà.

Kí n tó fi tọ́bò sí i, tí mo bá di ẹrù kún, géèjì náà máa ń wà ní nǹkan bí 620 lórí òkè. Nígbà tí a ti fi tọ́bò sí i tí a kò tíì fọwọ́ kan dísù, ó wálẹ̀ sí 560, nítorí afẹ́fẹ́ ti pọ̀ sí i. Síkúrúù tó wà lẹ́yìn pọ́ǹpù la wá fi dá dísù kún un, ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyípo kan lẹ́ẹ̀kan. Ní ìgbà kẹta tí a yí i, èéfín dúdú jáde, géèjì náà sì kọjá 750. A dá a padà lójú ẹsẹ̀. Níbi tó wà báyìí, kì í kọjá 680, mo sì ti pinnu pé tó bá dé 700, ẹsẹ̀ mi yóò kúrò lórí tọ́tù. Gíà kẹta ni mo fi ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n báyìí, bẹ́ẹ̀ ni mo ń rí àwọn ọkọ̀ akérò nínú díńgí ẹ̀yìn fún ìgbà àkọ́kọ́ láìgbọ́ fèrè wọn.

Nínú ẹrẹ̀ oko, ìyàtọ̀ náà kò pọ̀ tó bí mo ṣe rò, nítorí pé ní gíà kékeré, tí ẹ́ńjìnnì kò sáré, èéfín kò tó láti yí abẹ̀bẹ̀ náà dáadáa. Eruku ọ̀gbẹlẹ̀ ló tún ń kọ mí lóminú níbẹ̀. Bí hóòsì tó wà láàrin fílítà àti tọ́bò bá ní àlàfo díẹ̀, iyanrìn yóò jẹ ẹnu abẹ̀bẹ̀ náà, nítorí náà ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá mi wakọ̀ máa ń fọwọ́ kan gbogbo kílíìpù rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Òun náà ló rò pé mo ń fi dísù ṣòfò nígbà tí mo sọ fún un pé kí ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lẹ́yìn iṣẹ́ líle kí ó tó pa á, títí mo fi jẹ́ kó rí bí irin tọ́bò ṣe pọ́n nínú òkùnkùn alẹ́ ọjọ́ kan. Lẹ́yìn 1,000 kìlómítà, a tún nọ́ọ̀tì mánífóòlù di láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Mẹ́ta nínú wọn ti dẹ̀.