Ohun tí ọjà kò tíì gbà

Ẹtì àkọ́kọ́ nínú Lẹ́ńtì, ogójì ọjọ́ àwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde. Oòrùn mú ní Ìjẹ̀bú-Òde, iná ò sí, àdúrà Ọ̀nà Àgbélébùú parí kílẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀rọ̀ ìyá kan tó ń ra gààrí lọ́jà ni kò kúrò létí mi. Wọ́n bi í pé kí ló fẹ́ yááfì fún Lẹ́ńtì ọdún yìí. Ó ní, "Kí ló kù tí ọjà ò tíì gbà lọ́wọ́ mi?" Kò rẹ́rìn-ín. Ó gba èènì rẹ̀, ó lọ.

Òfin wa yé mi. Nínú ìjọ Kátólíìkì, Ọjọ́rú Eérú tí Lẹ́ńtì fi ń bẹ̀rẹ̀ àti Ẹtì Rere ni àwẹ̀ ọ̀ranyàn fún ẹni ọdún 18 sí 59: oúnjẹ àjẹyó ẹ̀ẹ̀kan, kékeré méjì tí a bá pa pọ̀ tí kò ní tó àjẹyó kan. Láti ọdún 14 sókè, a ò ní jẹ ẹran ní ọjọ́ méjèèjì yẹn àti ní gbogbo Ẹtì inú Lẹ́ńtì. Wọ́n yọ aláìsàn, aboyún àti abiyamọ sílẹ̀. Ìwé àdúrà àwọn Áńgílíkà náà ka ogójì ọjọ́ yìí sí ọjọ́ àwẹ̀, àmọ́ kò wọn oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ilé tí ẹran ti tán nínú ìkòkò kí Ọjọ́rú Eérú tó dé ńkọ́?

Ebi tí èèyàn ò yàn kì í ṣe àwẹ̀. Ìyà ni. Aísáyà orí 58 sì là á mọ́lẹ̀ pé àwẹ̀ tí Ọlọ́run yàn ni kí a bu oúnjẹ fún ẹni tí ebi ń pa. Ẹnu ọ̀nà ìyá yẹn ló yẹ kí àwẹ̀ àwa yòókù gbà kọjá.

Mo fẹ́ fi í síbẹ̀. Opó Sáréfátì kò jẹ́. Ìkúnwọ́ ìyẹ̀fun kan àti òróró díẹ̀ nínú kólòbó ló kù ú kù, wòlíì Èlíjà sì ní kó kọ́kọ́ ṣe tòun wá ná. Kò ní kó lọ jókòó nítorí pé kò ní. Bóyá kí a fo tálákà nígbà tí ìpè bá ń lọ ni ìwọ̀sí gan-an. N kò tíì rí ojútùú ẹ̀...

Ohun tó ń bí mi nínú ni ìkọ́kọrẹ́ ọjọ́ Ẹtì. A rin ewùrà, a ń já a sínú ata tó ń hó pẹ̀lú epo, a ò tètè rò ó kó má baà dà bí ògì, gbogbo rẹ̀ dára. Kí a wá kó ẹja gbígbẹ ńlá, ẹja tútù àti edé sí i, kó wọ́n ju ẹran tí a ní a yááfì lọ! Òfin ò fọ́, kóló ìtọrẹ àánú ò sì gba kọ́bọ̀. Ẹja kan ti tó. Iye tó bá ṣẹ́ kù, kó wọ kóló lọ́jọ́ náà gan-an, torí owó tí a bá ní ká dúró dìgbà Àjíǹde kí a tó yọ, inú ọjà ló máa ń wọlé sí. Ohun kan ṣoṣo ni kí èèyàn dì mú. Ẹni tó bá jẹ́ẹ̀jẹ́ márùn-ún, kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, gbogbo rẹ̀ á ti bọ́. Kí ẹni tó ní ọgbẹ́ inú má sì fi gààrí Ìjẹ̀bú ṣínu. Ó kan jù fún inú òfìfo. Oúnjẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò kan ni kó kọ́kọ́ jẹ.

Jóẹ́lì orí 2 ń pè wá kí a fi gbogbo ọkàn yípadà. Ọkàn ló kọ́kọ́ dárúkọ, àwẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Ọjà ò lè gba ìyẹn, àbí? Ó rọrùn fún mi láti sọ, torí ìdààmú máa ń gba ọkàn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n Orin Dáfídì 51 kò gùn, ẹsẹ 19 péré ni. Èèyàn lè kà á jẹ́jẹ́ kó tó fọwọ́ kan fóònù láàárọ̀, kó sì dúró díẹ̀ níbi ẹsẹ 17, níbi tí Dáfídì ti sọ pé Ọlọ́run ò ní gan ọkàn tó ti fọ́. Ó wù mí kí ìyá yẹn gbọ́ ẹsẹ yẹn, kì í ṣe láti ẹnu ẹni tó yó.

Ọ̀tunla ni Sọ́ńdè. Láti Ọjọ́rú Eérú títí dé Sátidé Mímọ́ jẹ́ ọjọ́ 46. Sọ́ńdè mẹ́fà tó wà láàárín ni a ò kà, ló fi jẹ́ 40. N kò rí ohun tó burú nínú kí a jẹ ẹran lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ó yẹ kí ìkòkò ọjọ́ náà tó ilé méjì. Màá yẹ ewùrà tó wà nílẹ̀ wò lọ́la, bóyá ó tó, bí kò bá tó...