Ẹ ní kí wọ́n tún ìbéèrè náà sọ

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lóye Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ ẹ bá rí i nínú ìwé, ṣùgbọ́n tí ahọ́n yín ń wúwo tó bá di ká sọ ọ́ jáde, ọ̀rọ̀ yín nìyí. Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé mi ò kàwé o. C6 ni mo gbà nínú Gẹ̀ẹ́sì ní WAEC. Test of Orals tá a ṣe nígbà yẹn, pẹ́ńsù la fi ń kun ìdáhùn. Kò sẹ́ni tó ní ká la ẹnu.

Òǹtajà ni wọ́n ń wá, ní iléeṣẹ́ kan ní Òkè-Ìlèwó, l'Abẹ́òkúta, wọ́n wá pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Àtìgbà tí mo ti jáde girama ni mo ti ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ọkàn mi balẹ̀. Orúkọ mi, ibi tí mò ń gbé, mo dáhùn. Ọ̀gá tó jókòó láàárín wá sọ̀rọ̀ gba imú, ó sáré sọ ọ́, "customer" nìkan ni mo gbọ́. Mo dákẹ́. Fáànù ń fẹ́ etí ìwé-ẹ̀rí mi sókè sódò, mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bíi pé iṣẹ́ tí wọ́n pè mí wá ṣe nìyẹn. Mo ní "Yes sir." Obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá yẹn kọjú sí i, ó wá fi Yorùbá sọ ọ́: "Ẹ jẹ́ kó máa lọ, kò gbọ́ nǹkan kan." Ìyẹn ni mo gbọ́ yékéyéké.

Ìta ni ẹnì kan ti sọ fún mi pé ohun tí wọ́n ń bi gbogbo wa ni bá a ṣe máa ṣe é tí inú bá ń bí oníbàárà. Ẹ gbà mí! Èmi tí ìyá ìyàwó kan kó odindi aṣọ ẹbí jù sí níwájú pé aró ń ṣí, tí mo bẹ̀ ẹ́, mo pààrọ̀ èyí tó bàjẹ́, tó tún ra òmíràn kó tó lọ! Ká ní Yorùbá ni, ilẹ̀ ì bá ṣú kí n tó dákẹ́.

Tẹ́ ẹ ò bá gbọ́ ìbéèrè, ẹ ní kí wọ́n tún un sọ. "Please, could you repeat the question, sir?" Ẹ máa sọ ọ́ nínú bálùwẹ̀, nínú ọkọ̀ Pańṣẹ́kẹ́, títí tẹ́nu yín á fi mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé nílé wa, kéèyàn ní kí àgbà tún ọ̀rọ̀ sọ lè dà bí àfojúdi. Lọ́fíìsì, kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rárá kó máa bi yín léèrè. Kọ́pà kan láti Benue ló ràn mí lọ́wọ́. Bí mo bá fẹ́ yà sí Yorùbá, kò sọ́nà. Ìtàn aṣọ ẹbí yẹn ni mo máa ń sọ fún un, á máa já lu ọ̀rọ̀ mi, èmi náà á ní kó tún ìbéèrè ẹ̀ sọ. Ẹ ò rí i? Ibẹ̀ náà la tún padà sí. Ìdáhùn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má há a sórí. Wọ́n á yí ìbéèrè padà díẹ̀, ó ti gé nìyẹn. Ní ti f àti v, ẹ má fìyẹn pa ara yín. Yorùbá ò ní v.

Mo ti ríṣẹ́ ní Ìbarà báyìí. Mo ní kí wọ́n tún ìbéèrè sọ níbẹ̀, wọ́n sì tún un sọ. Ẹ má bi mí pé èló ni wọ́n ń san.

Kọ́pà yẹn ti parí, ó ti lọ sílé. Ẹni tó bá wà nítòsí Ìtòkú tó ń wá ẹni tí yóò máa bi í léèrè, mo máa ń wà nílé lọ́sàn-án Sọ́ńdè. Gẹ̀ẹ́sì nìkan la ó máa sọ o.