Server ilé: bátìrì ló ń yan processor

Ẹni tó bá fẹ́ gbé server (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì fún gbogbo ilé) sílé ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù, bátìrì inverter ni kó kọ́kọ́ ṣírò. Server kì í sùn. Bátìrì 12V, 200Ah kan jẹ́ 2,400Wh lórí ìwé. Tó bá jẹ́ bátìrì olómi, ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ máa lò kó má baà tètè kú, inverter fúnra rẹ̀ á sì jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fojú 1,000Wh wò ó. Server tó ń jẹ 25W á lo bíi wákàtí 40. Èyí tó ń jẹ 90W kò ní lò ju 11 lọ, fáànù kò sì tíì bá a pín in o.

Ìdí nìyí tí Xeon (processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tí Intel ṣe fún server ńlá) tòkunbọ̀ olówó pọ́ọ́kú fi máa ń di gbèsè síni lọ́rùn.

Fún fáìlì, fọ́tò àti fíìmù ará ilé, processor Intel N100 tó: core 4, TDP (ìwọ̀n iná tó ń sọ di ooru) 6W, wọ́n ti jó o mọ́ motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́). Àléébù rẹ̀ ni pé ihò RAM kan ṣoṣo ló sábà máa ń ní, ihò SATA rẹ̀ (ibi tí a ń so dísìkì mọ́) kì í sì í pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí server rẹ̀ ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú processor i3-12100 lórí motherboard H610 tàbí B660. Ẹ yẹra fún i3-12100F. Kò ní graphics (ẹ̀yà tó ń bójú tó àwòrán) nínú, bẹ́ẹ̀ graphics yẹn gan-an ni Jellyfin (sọ́fítíwíà tó ń gbé fíìmù láti server sí fóònù àti TV) fi ń yí fíìmù padà sí irú tí wọ́n lè gbé láìfi iná ṣòfò.

Nọ́ńbà socket (ihò tí processor ń wọ̀) máa ń tanni jẹ. LGA1151 ni i5-7500 àti i5-8500T, ṣùgbọ́n 8500T kò ní ṣiṣẹ́ lórí motherboard B250. H310 tàbí B360 ló ń fẹ́.

Kí ẹ tó gbé motherboard kúrò ní Ìkẹjà wá sí Ìjẹ̀bú, ẹ ṣí ìdérí socket, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i láti ẹ̀gbẹ́. Gbogbo pin gbọdọ̀ dán bákan náà. Èyí tó bá tẹ̀ á yọ bí eyín tó wọ́. Òun ló sábà ń fà á tí ihò RAM kan kì í fi í rí RAM. Ẹ wo ihò iná náà: motherboard kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì mìíràn kì í lo pin 24, power supply ọjà kò sì ní wọ̀ ọ́. Ẹ ka ìwé rẹ̀ pẹ̀lú, torí bí SSD (dísìkì tó yára) bá wọ ihò M.2, ihò SATA kan lè kú.

Nínú BIOS (ètò motherboard tó ń kọ́kọ́ jí bí a bá tan kọ̀ǹpútà), ẹ yí Restore on AC Power Loss sí Power On, kí server lè tan fúnra rẹ̀ bí iná bá padà. Tí motherboard bá ti pẹ́, ẹ pààrọ̀ bátìrì kékeré CR2032 orí rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Tó bá ti kú, gbogbo ètò yẹn á parẹ́ nígbà tí iná bá lọ, server á sì jókòó síbẹ̀, á máa dúró de ẹni tó máa wá tẹ F1.